Ta Ló Wà Níbẹ̀ Kí N Tó Dé?

Ọmọ láàbù ni mí, ọmọ Ìsánlú ní ilẹ̀ Yàgbà. Kàbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan tí òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ìgbẹ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ohunkóhun tí dókítà bá ní kí a yẹ̀ wò, ọwọ́ wa ló ń bọ̀. Ní ọdún 2024, lásìkò tí káṣú ń wọ ọjà, tí owó sì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa díẹ̀, ni iṣẹ́ méjì pè mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní Àbújá, ọ̀kan ní Ìlọrin. Ẹni tí irú rẹ̀ kò bá tíì ṣe rí yóò rò pé ayọ̀ ni. Ayọ̀ ni lóòótọ́, fún alẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, gbogbo ẹbí ti gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò ní tèmi nìkan.

Ẹ mọ bí Àbújá ṣe rí lójú àwa ará Ọ̀kun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí. Láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, ilé tí kò lẹ́nì kan ní Àbújá ṣọ̀wọ́n. Ibẹ̀ ni owó tí wọ́n fi ń kan páànù ilé tuntun ti ń wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé mọ́tò wálé ní Kérésì. Ìlọrin ní tirẹ̀, bí ilé àtijọ́ ni. Kwara ni gbogbo wa kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, àwọn bàbá wa tó ṣiṣẹ́ ìjọba nígbà yẹn ṣì lè ka àdúgbò Ìlọrin fún ẹ láìwo ìwé. Wọ́n fẹ́ràn ibẹ̀, àmọ́ wọn kì í fi í yangàn. Kò sẹ́ni tí í dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ìjọ bá òun dúpẹ́ torí ọmọ òun ríṣẹ́ sí Ìlọrin.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àbújá, ló kọ́kọ́ pè mí, ó sì kí mi bí àwa ará Ọ̀kun ṣe ń kí ara wa.

"Ọ̀kun o. Mo gbọ́ pé o ṣì ń rò ó. Kí lo wá ń rò níbẹ̀?"

"Ọ̀kun o, sà. Mo fẹ́ fara balẹ̀ wò ó ni."

"Wo kí ni? Owó Àbújá fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin ju ti Ìlọrin lọ. Ìwọ tí ò ń rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀, ṣé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin ni o kò wá rí?"

Mo rẹ́rìn-ín, torí ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Òótọ́ sì ni. Àbújá ní ₦220,000 lóṣù, Ìlọrin ní ₦140,000. Ó ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Kubwa, pé mi ò ní sanwó ilé. Ìyá mi ní kí n gbàdúrà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n mú Àbújá, kí n sì máa fi ohun tó bá ṣẹ́ kù ránṣẹ́ sílé. Gbogbo wọn ló ní ìdí. Ẹni tí kò sí nínú wọn ni ẹni tó mọ ilé iṣẹ́ méjèèjì.

Mo kọ́kọ́ mú lẹ́tà Àbújá kà, mo tún un kà. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa, nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà nìkan là ń kà. Wọ́n pín ₦220,000 yẹn sí wẹ́wẹ́. Owó ìpìlẹ̀ kéré, owó ilé kéré, owó ọkọ̀ kéré, lẹ́yìn náà ni ohun kan tí wọ́n pè ní owó ìwúrí, èyí tó tó ìdajì gbogbo rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10 kún un. Orí owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá ti kéré, owó ogbó rẹ ti kéré nìyẹn, kódà bí gbogbo owó oṣù bá ń dán lójú. Lẹ́tà náà tún sọ pé ọwọ́ ọ̀gá ni owó ìwúrí wà, bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ni yóò fi san án. Ìyẹn ni pé ₦110,000 ni wọ́n ṣèlérí fún mi, ìyókù, àánú ni.

Ìlà kan tún wà lójú ìwé kejì. Wọ́n ní kí n kó ojúlówó ìwé ẹ̀rí mi wá fi pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn fún ọdún méjì. Mo fi han Bàbá Àbújá lórí WhatsApp. Ó ní ọ̀pọ̀ ibi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá. Èmi ò rí ìdí tí ẹni tó ń sanwó tó dáa, tó sì ń tọ́jú èèyàn, yóò fi nílò kí ó ti ìwé ẹ̀rí mi mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ kí n má bàa lọ.

Lẹ́tà Ìlọrin ní tirẹ̀, ojú ìwé kan péré ni. Ó kúrú débi pé kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ alẹ́, kò sọ iye ọjọ́ ìsinmi, kò sọ ẹni tí yóò máa san owó láísẹ́nsì tí àwa ọmọ láàbù ń gbà lọ́dọọdún. Èyí náà kò dáa. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún un: iye owó, àkókò iṣẹ́, ìsinmi, iye ọjọ́ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi sọ fún ẹnì kejì ṣáájú kí iṣẹ́ tó parí. Mo pe obìnrin tó jẹ́ olórí láàbù wọn, Àlájà ni wọ́n ń pè é, mo bi í. Kò bínú. Ó ní, "Má bínú, ọmọ mi, akọ̀wé wa ló máa ń kọ ọ́ ní kúkúrú. Kọ gbogbo ohun tí o fẹ́ mọ̀, kí o mú un dání tí o bá ń bọ̀."

Kí n tó lọ sí ibì kankan, mo ti pinnu ohun kan. Bí wọ́n bá parí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n ní ṣé mo ní ìbéèrè, ẹyọ kan ni màá bèèrè ṣáájú gbogbo rẹ̀: ta ló wà níbẹ̀ kí n tó dé, ibo ló sì lọ? Àyè kì í ṣófo lásán. Ẹnì kan ti jókòó sórí àga yẹn rí, ó ti mu tíì níbẹ̀, ó ti bá ọ̀gá náà ní gbólóhùn asọ̀, ó ti gba owó oṣù níbẹ̀ tàbí kó máà gbà á. Ohun tó mọ̀ nípa iṣẹ́ yẹn ju ohun tí lẹ́tà mẹ́wàá lè sọ lọ.

Àbújá ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọ̀nà kọnkéré láti Kàbà sí Obájànà ti dáa ju ti àtijọ́ lọ, àmọ́ nígbà tí a dé Lọ́kọ́jà, tírélà ti dúró gbọọrọ, oòrùn ibẹ̀ sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Láàbù náà wà ní Wuse. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, ilẹ̀ ń dán, àwọn ẹ̀rọ tí mo mọ̀ nínú ìwé nìkan wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi. N kò ní purọ́, ọkàn mi fà sí i. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà lọ dáadáa. Nígbà tí mo wá bèèrè ìbéèrè mi, máníjà wo ojú fóònù rẹ̀, ó ní, "Ó ti lọ." Mo ní ibo ló lọ, sà. Ó ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọn ò ní sùúrù."

Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí n wo inú láàbù. Wọ́n gbà.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ láàbù, ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ wò. Èmi fìríìjì ni mo wò. Ọ̀pọ̀ nínú kẹ́míkà tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 8 Celsius lọ, kò sì gbọ́dọ̀ tutù ju 2 lọ. Torí náà, a máa ń lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn fìríìjì, a óò máa kọ bó ṣe tutù tó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ti Àbújá, 4 ni ní gbogbo ọjọ́, láàárọ̀, lálẹ́, láti ọjọ́ kìíní oṣù. Ní ìlú tí iná ọba ń lọ tó ń bọ̀, mo rò pé wọ́n ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ wọn dáadáa ni, títí mo fi rí i pé wọ́n ti kọ 4 sí ọjọ́ méjì tí kò tíì dé.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí rẹ́jísítà, ìwé ńlá tí a ń kọ orúkọ aláìsàn àti èsì sí, tí ẹni tó ṣe àyẹ̀wò yóò sì fọwọ́ sí níparí ìlà. Mo ṣe bí ẹni ń wo irú àyẹ̀wò tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìkọ̀wé ni mò ń wò. Ní oṣù kan, ọwọ́ kan tó dúró ṣánṣán ló kọ ọ́. Kò pẹ́, ọwọ́ mìíràn tó tẹ̀ sọ́tùn-ún gbà á. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ kẹta, lẹ́tà ńláńlá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan tó ń fi báírò pupa kọ̀wé bí ẹni pé ó ń bínú, òun náà kò pẹ́. Ìwé yẹn kò tíì pé ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ti gbà á lọ́wọ́ ara wọn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Kò sí ẹni tó bá mi sọ nǹkan kan, kò sì sí ohun tí mo tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu máníjà.

Mo há orúkọ ìfọwọ́sí kan sórí. Ọ̀pọ̀ àwa ọmọ láàbù mọ ara wa, bí a kò bá jọ kàwé, a ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan. Ẹnì kan tí a jọ kàwé mọ ẹni náà, ó bá mi tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó pè é. Ọmọkùnrin náà kò bú ilé iṣẹ́ yẹn. Ohun tó sọ ni pé ìgbà tó bá wù wọ́n ni owó oṣù ń wọlé, pé wọ́n máa ń yọ nínú owó ìwúrí bí túùbù bá fọ́ tàbí bí aláìsàn bá fẹjọ́ sùn, àti pé ó gbà òun ní oṣù bíi mélòó kan kí òun tó rí ìwé ẹ̀rí òun gbà padà. Mo bi í bóyá òun kọ́ nǹkan níbẹ̀. Ó ní, "Mo kọ́ ẹ̀rọ, àǹtí. N kò ní parọ́ mọ́ wọn. Ẹ̀rọ wọn dáa." Èyí ló jẹ́ kí n gba ìyókù gbọ́.

Ìlọrin wá ńkọ́? Àǹfààní pọ̀ tí mo lè fi tàn yín pé ibẹ̀ dùn, àmọ́ ojú mi rí i. Láàbù náà kéré, fèrèsé ni wọ́n fi ń gba atẹ́gùn, maikirosikópù kan ti pẹ́ débi pé kíkùn ara rẹ̀ ti ń ṣí. Fìríìjì wọn ń kùn. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́rọ̀ lẹ́nu. 5, 6, 4, 7, ó ń lọ ó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kọ 11 sí i, wọ́n fi báírò pupa yí i ká, wọ́n sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé iná lọ láti òru, àwọn kẹ́míkà kan ni àwọn dà nù, àwọn kan ni àwọn tún dán wò kí àwọn tó lò wọ́n. Ìfọwọ́sí ẹni tó ṣe é wà níbẹ̀. Mo dúró níwájú fìríìjì yẹn. Ibi tí òṣìṣẹ́ ti lè kọ 11 sílẹ̀ láìbẹ̀rù, wọn ò ní fi ìyà jẹ èèyàn níbẹ̀ torí ó sọ òótọ́. Ọ̀gá tí wọ́n ń kọ 4 fún lójoojúmọ́, ẹ̀rù rẹ̀ ni wọ́n ń kọ.

Rẹ́jísítà wọn ńkọ́? Ọwọ́ kan náà ló wà nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, títẹ́ẹ́rẹ́, búlúù. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà kan, ìlà méjì, ọwọ́ àkọ́kọ́ a sì máa fọwọ́ sí i lábẹ́, títí tí èkejì fi ń dá kọ ojú ìwé odindi. Wọ́n kọ́ ẹnì kan níṣẹ́ nínú ìwé yẹn, ẹni tó bá lójú yóò rí i. Mo bi Àlájà pé ta ni. Ó ní, "Òun ló ń lọ. Ìlú Ọba ló ń lọ, ó ti rí físà. Gba nọ́ńbà rẹ̀, kí o pè é kó tó lọ, kó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́dọ̀ mi fún ẹ." Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Yóò sọ fún ẹ pé mo máa ń pariwo." Mo pè é. Ó ní Àlájà máa ń pariwo.

Ohun kan tún wà tí mo bèèrè níbi méjèèjì, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ máa bèèrè rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú tí wọ́n ń pè ní hepatitis B, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á: lónìí, lẹ́yìn oṣù kan, àti lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ti àkọ́kọ́. Ta ló ń sanwó rẹ̀? Bí abẹ́rẹ́ tí a ti lò bá sì gún òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lóru, ta ni yóò pè? Oògùn tó ń dènà HIV lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Ní Àbújá, wọ́n ní kí n má ṣe ronú ibi. Ní Ìlọrin, Àlájà fi kọ́bọ́ọ̀dù tí oògùn náà wà hàn mí, ó ní àwọn máa ń san abẹ́rẹ́ méjì nínú mẹ́ta. Kí ló dé tí wọn ò san ẹ̀kẹta, mi ò mọ̀. Mo kọ ọ́ mọ́ ohun tí mo fẹ́ bá wọn dúnàá dúrà lé lórí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà wà níbẹ̀, torí ìyá mi kò kéré mọ́. Láti Ìlọrin, Àjàṣẹ́, Òmù-Àrán, Ẹ̀gbẹ̀, o ti ń wọ Ìsánlú. Láti Àbújá, Lọ́kọ́jà ni wàá gbà, kí o tó yà sí Kàbà àti Mọ̀pà. Ní ọdún 2022, nígbà tí omi ya bo Lọ́kọ́jà àti Kótónkáfè, ọ̀nà Àbújá dí, àwọn èèyàn sùn sínú mọ́tò. Àmọ́ mi ò lè fi ìyẹn nìkan pinnu. Ọ̀rọ̀ ajínigbé ò jẹ́ kí ọ̀nà kankan nínú méjèèjì fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe mú Ìlọrin nìyẹn. Kí n tó fọwọ́ sí i, mo kọ lẹ́tà kan tí kò gùn. Mo ní kí wọ́n kọ iye tí wọ́n ń san fún iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n san abẹ́rẹ́ kẹta, kí ilé ìwòsàn máa san láísẹ́nsì mi lọ́dọọdún, kí wọ́n sì yá mi lówó ilé ọdún kan, kí wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó oṣù. Àwọn àgbà ní bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Wọ́n gba mẹ́ta, wọ́n kọ owó láísẹ́nsì. Mo rí yàrá kan gbà ní Táńkè, ẹsẹ̀ ni mo sì ń fi rìn lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá rántí ohun tí owó ọkọ̀ dà lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023 yóò mọ̀ pé owó oṣù ni èyí náà. Ká ní Kubwa ni mo ń gbé tí mo ń ti Wuse bọ̀ lálẹ́, láìka tàwọn olè wan-ṣáńsì, apá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin tí Bàbá Àbújá ń kà yẹn ì bá ti há sójú títì.

Mo kọ̀wé sí Àbújá pẹ̀lú. Mo dúpẹ́, mo ní mo ti rí ibòmíràn, n kò ṣàlàyé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n sọ gbogbo ohun tí mo rí fún wọn. Fún kí ni? Kì í ṣe Àbújá ni mo kọ̀. Ọmọ Ayétòrò kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ní Kàbà wà ní Gwagwalada báyìí, ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ fún ẹ̀kọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, inú rẹ̀ sì dùn. Bí wọ́n bá pè mí láti irú ibẹ̀ lọ́la, màá tún lọ wo rẹ́jísítà wọn.

Owó Ìlọrin ṣì kéré, mi ò ní fi pamọ́. Mo ti béèrè àfikún, wọ́n ní kí n dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀. Bàbá Àbújá gbọ́, ó pè mí.

"Ṣé o rí i báyìí?"

"Mo rí i, sà. Àmọ́ ẹ bá mi béèrè, ṣé àwọn ará Wuse ti rí ẹni tó dúró?"

Ó ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó sì bi mí nígbà wo ni ìpàdé náà. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n tún sún un sí.